Ọdún Kan ní Ìlú Yokohama

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ mọ́ wa lára, nítorí náà ni a ṣe fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ìlú Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí àwa méjèèjì, tọkọtaya, láti ọwọ́ àwọn òbí tí wọ́n ti Abẹ́òkúta wá ṣe àtìpó níbẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti kàwé, níbẹ̀ ni a ti ṣe ìgbéyàwó, níbẹ̀ ni a sì ti bí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ni ó gbé wa dé Yokohama, ní ilẹ̀ Jàpáànì, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 7. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé ti ń bèèrè pé, báwo ni ẹ ti ń gbé níbẹ̀? Kí ni ẹ ń jẹ? Ṣé àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà yín? A ó gbìyànjú láti dáhùn bí ó ti tọ́, láì bu iyọ̀ sí i.

Yokohama wà létí òkun, ní ìhà gúúsù Tokyo tí í ṣe olú ìlú. Nǹkan bí kìlómítà 30 ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn ènìyàn tí ó ń gbé inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ abúlé àwọn apẹja lásán ni ó jẹ́ kí a tó ṣí èbúté rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1859. Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ a máa dé ní ìṣẹ́jú tí a kọ sára ògiri pé yóò dé. Bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo èrò.

A kò tètè rí ilé. Onílé méjì ni ó kọ̀ fún wa, kìkì nítorí pé àlejò ni wá. Ẹ̀kẹta ni ó gbà. Ilé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ibi kan wà tí ó rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ilé lọ. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ń bọ́ bàtà rẹ̀ sí kí ó tó gòkè wọlé. Olówó ni o, tálákà ni o, kò sí ẹni tí í fi bàtà ìta tẹ ilẹ̀ ilé. Bàtà tí a ń wọ̀ nínú ilé yàtọ̀, ti ilé ìyàgbẹ́ sì tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ kan bàbá ọmọ wa gbàgbé, ó sì wọ bàtà ilé ìyàgbẹ́ jáde wá kí àlejò. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Yàrá kan wà tí wọ́n fi ẹní koríko tí ó nípọn tẹ́ láti igun dé igun. Lórí ẹní yìí ni a ń tẹ́ ibùsùn sí ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ká a, a ó sì kó o sínú àpótí ara ògiri, yàrá náà a sì di pálọ̀. Nígbà tí a sọ èyí fún ìyá àgbà wa ní Abẹ́òkúta lórí fóònù, ó ní, “Orí ẹní ni àwa náà dàgbà sí. Ẹ̀yin ni ẹ lọ jìnnà kí ẹ tó rí i.”

Níti wíwẹ̀, ìta agbada omi ni a ti ń fi ọṣẹ wẹ ara, tí a sì ń ṣan án nù pátápátá, kí a tó wọ inú omi gbígbóná lọ jókòó. Omi kan náà ni gbogbo ilé yóò lò, nítorí náà ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Níti oúnjẹ, ìrẹsì ni olórí, pẹ̀lú ẹja àti ọbẹ̀ ẹ̀wà kíkan tí wọ́n ń pè ní miso. Kókò wà, ó kéré, ó sì dùn. Iṣu kan wà pẹ̀lú tí wọ́n ń rin ní tútù, tí wọ́n sì ń dà lé ìrẹsì lórí. Ó ń fà bí ilá. Ìyá ọmọ wa wò ó títí, ó ní òun yóò sè tòun.

Nísinsìnyí a wá dé ibi tí ojú ti tì wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kó dé ilé kan gbọ́dọ̀ lọ fi ara hàn ní ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò láàárín ọjọ́ 14, kí wọ́n lè kọ ibi tí ó ń gbé sí ara káàdì rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ṣe wá dáadáa, wọ́n sì fi ìwé kan lé wa lọ́wọ́ nípa bí a ti ń da ìdọ̀tí nù. A fi ìwé náà sí orí àpótí, a kò kà á. Ní ilẹ̀ yìí a kì í da ìdọ̀tí pọ̀. Èyí tí iná lè jó ní ọjọ́ tirẹ̀. Agolo àti ìgò ní ọjọ́ tiwọn. Ike ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìwé ìròyìn àti páálí, okùn ni a ń fi dì wọ́n. Ní òwúrọ̀, kí agogo 8 tó lù, ni olúkúlùkù ń gbé tirẹ̀ lọ sí ojúkò kan tí gbogbo àdúgbò jùmọ̀ ní, a ó sì fi àwọ̀n bò ó nítorí àwọn kannakánná, tí wọ́n pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́n bí ènìyàn. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni ó ń gbá ibẹ̀.

Àwa kó ohun gbogbo sínú àpò kan ṣoṣo, a gbé e síta ní alẹ́, a kò sì bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kannakánná ti fa àpò náà ya. Egungun ẹja, ìgò, àti àwọn lẹ́tà tí orúkọ wa wà lára wọn fọ́n ká ojú ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí ó ti lé ní ọdún 80, ni a bá tí ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ó kan ilẹ̀kùn wa, ó tẹrí ba, ó gbé ìyókù àpò náà lé wa lọ́wọ́, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń wí. Ní ọjọ́ kejì ó tún padà wá pẹ̀lú ìwé kan tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán iná, ìgò, agolo àti ike sí, pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọkàn wa, a wí pé obìnrin yìí kò fẹ́ràn wa. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọmọ wa ti ń fi ojú wo òde kí ó tó jáde, kí wọn má baà pàdé.

Ohun kan wà tí ó kọ́kọ́ mú ọkàn wa rọ̀ sí ilẹ̀ náà, òun ni ìkíni wọn. Àwọn aládùúgbò wa ní Houston ní “ẹ ǹlẹ́” kan fún ohun gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáànì ní ìkíni tí ó bá ìgbà àti ipò mu, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí wa ti ń kọ́ wa. Bí ẹnìkan bá ń jáde nílé, yóò wí pé “itte kimasu,” èyí tí í ṣe pé, mo ń lọ, mo sì ń padà bọ̀. Ẹni tí ó kù nílé yóò dáhùn pé kí ó lọ, kí ó sì bọ̀. Ẹni tí ó wọlé dé yóò wí pé “tadaima,” a ó sì dá a lóhùn pé “okaeri,” bí ìgbà tí àwa bá wí pé ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó dàbí ẹ kú iṣẹ́; wọ́n sì ń tẹrí ba fún àgbà. Ọmọdé kì í pe obìnrin arúgbó ní orúkọ. Ìyá àgbà ni yóò pè é. Bàbá ọmọ wa ní, “Ó dàbí ẹni pé a ti gbé ibí rí.”

Ṣùgbọ́n ọmọ wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin ni ọdún ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, a sì fi í sí ilé ìwé ìjọba tí ó wà nítòsí. Àwọn ọmọ kì í gun ọkọ̀ lọ. Wọ́n ń kó ara wọn jọ ní àdúgbò, wọ́n a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ pọ̀, àwọn ńlá níwájú, àwọn kékeré lẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà ni ó ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún ara wọn, àwọn náà ni ó sì ń gbá ilé ìwé, tí wọ́n ń nu ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí wù wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní oṣù kẹfà pé ọmọ náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu nínú kíláàsì. Oṣù kẹsàn-án dé, bákan náà ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ ń kọ́ àmì ìkọ̀wé tí ó lé ní 1,000 kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀; a rò pé ẹ̀kọ́ ni ó wúwo fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi ìyá rẹ̀ pé, “Nígbà wo ni a ó lọ sílé?” Ìyá rẹ̀ sunkún. A jókòó títí di òru, a sì pinnu pé bí ọdún bá fi parí tí nǹkan kò yí padà, ìyá àti ọmọ yóò padà sí Amẹ́ríkà, bàbá yóò sì dá nìkan kù.

Láàárín ìgbà náà, a kò jókòó sílé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. A lọ sí Kamakura, tí kò gba ọkọ̀ ojú irin tó ìdajì wákàtí láti Yokohama. Níbẹ̀ ni ère Búdà ńlá tí a fi idẹ rọ gbé wà, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 11. Láti nǹkan bí ọdún 1252 ni a ti ń rọ ọ́, ilé tí ó bò ó sì ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́, tí òjò àti oòrùn fi ń pa á. Ẹ̀sìn tiwa kọ́, ṣùgbọ́n a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láàárín àwọn tí ó wá síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù tí ojú ọ̀run bá mọ́, a máa ń rí òkè Fuji láti orí afárá tí ó wà lẹ́bàá ilé wa. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3,776, òjò dídì a sì bo orí rẹ̀ funfun. Òkè tí ń yọ iná ni. Ọdún 1707 ni ó yọ iná kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, àwa méjèèjì lọ sí Tokyo nítorí ìwé kan, pẹ̀lú èrò pé a ó ti padà dé kí ọmọ tó ti ilé ìwé bọ̀. Bí a ti ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, gbogbo fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn èrò ké lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà: bí ilẹ̀ bá sán nísàlẹ̀, ìgbì méjì ni ó ń jáde láti ibẹ̀, ọ̀kan fúyẹ́, ó sì yára, èkejì wúwo, ó sì ń falẹ̀. Ẹ̀rọ a máa gbọ́ ti àkọ́kọ́, a sì kígbe fún ará ìlú kí ti èkejì tó dé. Láti ọdún 2007 ni ìkìlọ̀ yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ wa dúró. Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ mì. Ọkọ̀ náà ń fì bí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ẹni tí ó ké; àwọn èrò di ọ̀pá mú, wọ́n ń retí. Nígbà tí ó dáwọ́ dúró, wọ́n ní a kò lè lọ títí wọn yóò fi yẹ gbogbo ojú irin wò. A pe ilé, fóònù kò lọ. A pe ilé ìwé, kò lọ. Fún bí wákàtí méjì ni a fi wà lójú kan, tí ìyá ọmọ di ọwọ́ bàbá ọmọ mú, tí a kò sì lè bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé. Iná kò tàn nínú ilé wa. A kan ilẹ̀kùn, a pe ọmọ, kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ kígbe lójú ọ̀nà. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí, ìyá àgbà nì sì fi ọwọ́ pè wá. A bá ọmọ wa tí ó jókòó níbi tábìlì kúkúrú, fìlà oníhóró òwú tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń dé nítorí ilẹ̀ mímì wà lórí rẹ̀, ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ ní èdè Jàpáànì, láì dẹnu dúró. Ó gbójú sókè, ó rí wa, ó ní, “Okaeri.” Káàbọ̀ ni ó kí wa.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ bí ó ti rí. Ìyá àgbà yìí ti ń wo ọmọ wa lójoojúmọ́ bí ó ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ó mọ̀ pé ó ti wọlé, ó sì mọ̀ pé àwa kò sí nílé. Bí ilẹ̀ ti dúró ni ó sọdá wá, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó sì bá ọmọ náà lábẹ́ tábìlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé. Ó mú un lọ sílé rẹ̀. Ilẹ̀ mímì náà kò burú. Ìwọ̀n 4 ni ó jẹ́ ní àdúgbò wa, lórí òṣùwọ̀n wọn tí ó ti 0 dé 7. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń mì lọ́wọ́?

Láti ọjọ́ náà ni ilé méjèèjì ti di ọ̀kan. Ọmọ wa kì í wọlé láì kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, olùkọ́ rẹ̀ sì ránṣẹ́ pé ó ti ń dáhùn ìbéèrè. Òun àti ìyá ọmọ wa jùmọ̀ di àpò ìpèsè sílẹ̀ fún wa: omi àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, iná ìléwọ́, oògùn, aṣọ òtútù, owó díẹ̀ àti ẹ̀dà àwọn ìwé wa. Ẹnu ọ̀nà ni àpò náà wà títí di òní.

Nígbà tí òdòdó igi ṣẹ́rì tanná ní oṣù kẹrin, ìyá àgbà ní òun fẹ́ mú wa lọ wo etí òkun. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bá wa lọ láti ṣe ògbufọ̀. Igi kan ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá, nínú àgbàlá ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìtàn ìlú náà pa mọ́ sí. Nítòsí ibẹ̀ ni ọ̀gágun ojú omi Perry ti Amẹ́ríkà àti àwọn aṣojú Jàpáànì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1854. Iná jó igi náà ní ọdún 1923, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tún rú, ó sì gbilẹ̀ bí a ti rí i.

Lẹ́bàá rẹ̀ ni ilé ìjọsìn Kaigan wà, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1872. Níbẹ̀ ni a rántí àlejò Amẹ́ríkà mìíràn tí ó ti ṣáájú wa dé, Dókítà James Curtis Hepburn. Ní ọdún 1859 ni ó dé. Ó wo àwọn aláìsàn, ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Jàpáànì sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1867, ìlú Shanghai ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Ó wà lára àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè náà, iṣẹ́ tí ó parí ní ọdún 1887. A sọ fún ìyá àgbà pé àwa náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ọdún 1843, tí odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní ọdún 1884. Ó bèèrè pé, “Àlejò ni òun náà bí?” A ní rárá, ọmọ onílé ni. Ó mi orí, ó ní ìyẹn dára jù.

Lẹ́yìn náà ni a dé ọgbà Yamashita, níbi tí òdòdó pọ̀ tí àwọn ọmọdé sì ń sáré. A jókòó, ìyá àgbà sì tẹ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, “Ilé àwọn ènìyàn ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.” Ó ní ọmọ ọdún 8 ni ìyá òun ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, nígbà tí ilẹ̀ mì bí ó ti ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo 12 ọ̀sán lù. Iná oúnjẹ ọ̀sán wà nídìí ìkòkò ní ilé gbogbo, ilé igi sì ni wọ́n. Àwọn tí ó kú ní agbègbè náà lé ní 100,000. Àlàpà ilé Yokohama tí ó wó ni wọ́n kó dà sínú òkun, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ọgbà yìí sí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1930.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún wí pé ọmọ ọwọ́ ni òun ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí ó lé ní 500 wá da iná lé ìlú náà lórí ní òwúrọ̀. Ìyá òun pọ̀n òun sáré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú ní ọjọ́ náà. Ògbufọ̀ wa wo ilẹ̀ nígbà tí ó ń túmọ̀ èyí. Àwa náà wo ilẹ̀, nítorí pé ọmọ Amẹ́ríkà ni wá, a kò sì mọ ohun tí a lè wí.

Ìyá àgbà rí wa, ó ní, “Èmi kò sọ ọ́ kí ẹ lè banújẹ́. Ìyá mi a máa wí pé ní ọjọ́ méjèèjì, aládùúgbò ni ó fa òun yọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń mọ ilé tí ọmọdé wà. Nítorí náà náà ni mo ṣe bá yín wí nípa ìdọ̀tí. Àdúgbò tí kò lè pa ojúkò kan mọ́ pọ̀, kí ni yóò lè ṣe pọ̀ ní ọjọ́ iná?”

Ìyá ọmọ wa kò lè dáhùn. Ó kúnlẹ̀ fún un lórí koríko bí a ti ń kúnlẹ̀ fún ìyá ẹni. Ìyá àgbà náà sì tẹrí ba. Ìyá ọmọ tún kúnlẹ̀ sí i, òun náà tún tẹrí ba sí i, títí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀ wọ́n pé ó tó.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ sí ìdálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún wọn láti ọ̀dọ̀ wa. Kí wọ́n ka ìwé tí a bá fi lé wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ́ ìkíni ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kọ́ òmíràn. Kí wọ́n má sì ṣe tètè ka ẹni tí ó bá wọn wí sí ọ̀tá. Níti àwa, èdè náà ṣì ń dà wá láàmú, a sì ń ṣi bàtà wọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọdún ti parí, ìyá àti ọmọ kò sì lọ mọ́. Òwúrọ̀ òní gan-an ni a tún pàdé ìyá àgbà ní ojúkò ìdọ̀tí. Ó ṣí àpò wa wò, ó yọ agolo kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀, ó gbé e lé bàbá ọmọ lọ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó dìgbà kan ná.